Wáyà Orí Afárá Pákó

Bàbá Géètì, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà adágún, ló ru kẹ̀kẹ́ Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Ìyá Ṣéènì ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ̀jẹ̀ sì ṣì wà lára ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó tún nù ún lẹ́ẹ̀kejì.

"Bá wa wò ó bóyá ó ṣì ṣeé gùn," ló wí. "Wọ́n ní Tíṣà lajú lọ́sàn-án yìí. Kò bèèrè ìyàwó, kò bèèrè ọmọ, kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ bèèrè. Orí àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí ò pé rárá."

Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá Ṣéènì á ti fèsì tó máa pa á lẹ́rìn-ín, torí ẹnu obìnrin náà kì í sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò wá lọ́jọ́ yẹn. Ní kùtù òwúrọ̀, Tíṣà ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ọ̀nà adágún, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, wáyà kan tẹ́nì kan ta láàárín igi méjì sì gbé e lọ́rùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó tẹ orí ba. Wáyà náà la àgbọ̀n rẹ̀ dé eegun, ó sì bó awọ ọrùn rẹ̀ lápá kan bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọlọ́pàá kan wá. Ó wo igbó, igbó náà wò ó, ó ní ìdẹkùn ọdẹ ni, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Géètì fẹsẹ̀ rin àyíká ibẹ̀ títí, kò rí òmíràn. Ni gbogbo èèyàn bá gbà pé ìdẹkùn ni.

Ọ̀nà yìí ńkọ́? Ẹni tí kò débẹ̀ rí kò mọ ohun tó ń pàdánù. Ó gùn tó kìlómítà méjìdínlógún, ó gba inú igbó yí omi ńlá tí wọ́n sé ká, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì wà nílẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mọ́tò kan ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Òpó kọnkéré mẹ́ta ni wọ́n rì mọ́ ẹnu géètì, àlàfo àárín wọn ò sì ju kéèyàn ti kẹ̀kẹ́ kọjá lọ. Òfin kan ṣoṣo ni àwọn tó ń gùn ún fi sọ́kàn: omi lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń kọjú sí, kí wọ́n má baà kọlu ara wọn ní kọ́nà, Afárá Pákó ni wọ́n sì máa ń kọjá nígbà tí ọ̀nà bá ń parí lọ. Àmọ́ tó bá ti pẹ́, táyà á ti òkúta lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yìn Bàbá Géètì tó ń fi réèkì kó o padà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Òun ló bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà fún un: Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, wọ́n á yí i, omi á wà lọ́wọ́ òsì, táyà fúnra rẹ̀ á sì ti òkúta padà síbi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́ nìkan nìyẹn. Ará ìta ò mọ̀ nípa rẹ̀.

"Àwọn ọmọ ti lọ?" Ìyá Ṣéènì bèèrè.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá géètì ni. Mo rán wọn létí pé òní la yí i. Ọmọ ẹ ló wà níwájú, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá ṣọ́jà."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Ṣéènì bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ti yọjú sí ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ, pẹ̀lú ẹ̀wù òfeefèé tó máa ń wọ̀ gun kẹ̀kẹ́. "Mọ́mì, Tíṣà ránṣẹ́ pé ká má tìtorí òun jókòó sílé o! Èmi ni Tíṣà lónìí!" Mẹ́rìnlá ni àwọn ọmọ tí Tíṣà ń kọ́ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, èyí tó kéré jù nínú wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ìyá rẹ̀ ju ọwọ́ sí i, ó ní kó má sáré jù, èyí tí kò tíì gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti mọ kẹ̀kẹ́ ẹ́ gùn.

Bàbá Géètì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní géètì tí kò jìnnà síbẹ̀. Ìyá Ṣéènì wá da kẹ̀kẹ́ Tíṣà délẹ̀, ó gbé pílásì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà tó ti wé mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti mọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Ó ń tú u, ó ń ṣépè fún ọdẹ tó so ó. Ó tú u dé ojú ìdè tí wọ́n gé kúrò lára igi, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta sápá òsì, wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sápá ọ̀tún, wọ́n wá ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ara rẹ̀, wọ́n fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ.

Ọdẹ wo? Ọdẹ kankan kì í lọ́ wáyà báyẹn. Bàbá tó bí Ìyá Ṣéènì ló ń lọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó ń di ẹrù gẹdú sórí lọ́rì. Ìtì igi tó wúwo ju ilé lọ, ìdè náà kì í já. Ọmọ méjì péré ló kọ́: Ìyá Ṣéènì fúnra rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gẹdú. Bàbá ti kú. Ó ku èèyàn méjì láyé tó mọ̀ ọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí pẹ̀lú pílásì lọ́wọ́.

Ká má parọ́, kò ronú. Ká ní ó ronú ni, ì bá ké sí Bàbá Géètì, ì bá pe ọlọ́pàá tó ń wo igbó yẹn padà. Inú ló bí i. Ó ká wáyà náà mọ́ ọwọ́, ó ti sípánà ńlá bọ àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ méjì tó ń fi háyà sílẹ̀ níta láìtì wọ́n, ó sì sọdá títì lọ sí ilé ìlagi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Gẹdú nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé. Ó ń fi epo ra eyín ayùn ńlá, lẹ́búlẹ́bú pákó bo irun ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀, èjìká rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lọ́rì rẹ̀ wà, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jò, koríko ti gba inú ẹ̀rọ yọ síta. Láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ti ọ̀nà adágún pa mọ́ mọ́tò ni lọ́rì náà ò ti kúrò lójú kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́," Ìyá Ṣéènì wí.

"Oníkẹ̀kẹ́! Kí ló dé tójú ẹ fi rí báyẹn?"

Ó ju wáyà náà sórí pákó níwájú rẹ̀. Gẹdú wò ó fìrí, ó sì padà sídìí ayùn rẹ̀.

"Wáyà ni," ló wí.

"Ta ló lọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣebí ìwọ náà mọ̀ ọ́n lọ́. Gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n á bi ẹ́ pé ta ló mọ ìdè yìí, wàá ní ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà á sì ní àbúrò mi. Ta ni wáyà ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú àwa méjèèjì? Lọ, ibí lo máa bá mi."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni ń sọ iye tí pákó jẹ́. Ohùn yẹn ló dùn ún ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

"Tíṣà ò ṣẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ lórí ni?"

"Wọ́n gba ọ̀nà mi!" Ó fi ìkúùkù lu pákó, lẹ́búlẹ́bú fò sókè. "Ọ̀nà tí bàbá wa fi àdá là! Àwọn alákoto wá ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe fújà lórí ẹ̀, èmi ń fi lọ́rì mi sin ẹyẹ! Mo bèèrè pé ta ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi tì í. Mo ka ìwé náà. Mo rí orúkọ àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, kedere kèdèrè!"

"Mo fọwọ́ sí i. Epo lọ́rì yín ń dà sómi, omi ọ̀hún là ń mu, ọmọ mi ń mu ún. Tí wọ́n bá gbé ìwé náà wá lónìí, màá tún fọwọ́ sí i."

"Kúrò níwájú mi."

"Mi ò kúrò. Ìwọ ọkùnrin yìí, apààyàn ni ẹ́!"

Àfi bíi pé ó ju iná sí i lára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ rí, kò dán an wò rí, àní nígbà tí wọ́n ń jà lórí ilé bàbá wọn. Gẹdú gbá a létí, ojú rẹ̀ ṣú. Obìnrin náà ta gọ́ọ́gọ̀ọ́gọ́, ó fẹ̀yìn gba òkìtì pákó, pákó mẹ́ta wó lé e lẹ́sẹ̀. Kó tó dìde tán ni ó ti fa sípánà yọ, ó sì là á mọ́ orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibi tó fojú sùn kọ́ ló bà; etí òsì ló bà, ó sì ya etí náà délẹ̀.

Gẹdú pariwo. Ó di ọwọ́ sípánà mú, ó lọ́ ọ, nǹkan dún kà nínú ọrùn ọwọ́ obìnrin náà, sípánà bọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà fi eékún gbá a nísàlẹ̀ ikùn, ó fi èékánná wa ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹran kan náà ni wọ́n, ìyá kan náà ló gbé wọn pọ̀n, wọ́n sì ń wá ẹ̀mí ara wọn lórí lẹ́búlẹ́bú pákó. Gẹdú lágbára jù ú lọ, ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Ó gbé e ṣánlẹ̀ tìrìgbòsì, ó fi orúnkún tẹ àyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ etí rẹ̀ ń kán sí obìnrin náà lójú.

"Panu mọ́," ó ń sọ ọ́ láàárín eyín. "Panu mọ́ kó o gbọ́ mi. Méjì ni mo so. Bàbá Géètì rí ìkan, ó rò pé ó parí. Ìkejì wà lórí Afárá Pákó, láàárín gan-an."

Ìyá Ṣéènì la ẹnu, ohùn ò jáde.

"Má ké. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wà lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ọmọ ni mo so ó fún. Wákàtí kan ni wọ́n á tó fi dé Afárá Pákó, mo mọ ọ̀nà yẹn jù wọ́n lọ, ìparí ló wà. Màá gba ọ̀nà gẹdú àtijọ́, màá fi ẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́, màá tú u kí wọ́n tó débẹ̀. Ìwọ á sì lọ sílé, wàá dákẹ́. Ṣé o ti gbọ́?"

Obìnrin náà ń mi orí, ó ń na ọwọ́, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lápá. Gẹdú rò pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ó tiẹ̀ tún fún ọwọ́ sí i, kó lè yé e dáadáa. Ojú Ìyá Ṣéènì ti ń dúdú lọ. Ó na àtàǹpàkò òsì rẹ̀, ó wá etí tó ya yẹn rí, ó tì í bọ inú ọgbẹ́ náà, ó sì fà á.

Gẹdú fi í sílẹ̀, ó yí gbirigbiri. Ìyá Ṣéènì fa èémí kan bí ẹni tó jáde lábẹ́ omi. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, òun gan-an ò mọ̀ ọ́n mọ́, ó há, ó ń fọn ni.

"Òní… òní la yí i!"

"Yí kí ni?"

"Ọ̀nà! Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, òdìkejì la máa ń gùn. Omi lọ́wọ́ òsì! Afárá Pákó kọ́ ló gbẹ̀yìn lónìí, òun ni wọ́n ń bá níwájú. Kìlómítà márùn-ún péré ni! Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀!"

Gẹdú ń wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ẹ̀wù rẹ̀, kò nù ún.

"Ta ló ṣíwájú wọn?" ló bèèrè.

"Ta lẹ rò? Ọmọ mi ni!"

Ọmọ yìí, ojú ìyá àwọn méjèèjì ló gbé wá sáyé. Gẹdú kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju "Ìyá mi" lọ. Ó lè bínú sí àbúrò rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko, àmọ́ ọmọ náà ń wọlé, ó ń jáde nílé ìlagi bó ṣe wù ú, òun ló sì sọ ọ́ ní Dádì Gẹdú. Ọkùnrin náà dìde. Ó bẹ́ sí títì.

Kẹ̀kẹ́ méjì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kó. Ìyá Ṣéènì fọwọ́ pe Bàbá Géètì, ó ní kó pe àwọn oníṣègùn, kó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Afárá Pákó, kó má bèèrè nǹkan kan. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú igbó yẹn. Ẹni tó bá ti kọjá géètì, ó di ìgbà tó bá jáde. Láti pe ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù.

Ọ̀nà gẹdú àtijọ́ ò tó kìlómítà méjì, ó gba orí òkè lọ tààrà, ó sì já sí òdìkejì Afárá Pákó. Àmọ́ ìgbẹ́ ti bò ó. Òkúta rẹ̀ kì í ṣe wẹ́wẹ́, ìkúùkù ni wọ́n tóbi tó. Ẹ̀ka igi ń na wọ́n lójú, ẹ̀gún ń ya wọ́n láṣọ. Ọrùn ọwọ́ Ìyá Ṣéènì ti wú, kò lè di bíréèkì ọ̀tún mú. Gẹdú wà níwájú rẹ̀, ó dìde dúró lórí pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ kékeré náà ń ké lábẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti gun kẹ̀kẹ́ gbẹ̀yìn. Ó ń ṣubú, ó ń dìde.

"Tó bá ṣe ọmọ mi," Ìyá Ṣéènì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ò sì jáde dáadáa, "tó bá ṣe ọmọ mi, ọwọ́ mi ni màá fi pa ẹ́. Mi ò ní dúró de ọlọ́pàá."

"Tẹ ẹsẹ̀ ẹ!" Gẹdú dáhùn. "Pa mí tá a bá débẹ̀. Tẹ ẹsẹ̀ ẹ!"

Wọ́n gòkè tán. Afárá náà ń bẹ nísàlẹ̀, nínú kòtò, pákó gígùn lórí ọwọ́ adágún kan, pẹ̀lú irin ní ọ̀tún àti òsì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ wọ orí rẹ̀ lápá méjèèjì. Àwọn ọmọ sì ti wà ní òdìkejì lókè! Ẹ̀wù òfeefèé ló ṣíwájú, àwọn tó kù tò tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀nà náà. Wọ́n á jọ̀wọ́ bíréèkì, wọ́n á máa hó, omi á sì gbé ohùn wọn padà fún wọn. Wọ́n ti ń hó. Wọ́n ti jọ̀wọ́ bíréèkì.

Ìyá Ṣéènì pariwo pé kí wọ́n dúró. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Ọ̀fun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún mọ́lẹ̀ kò ní ohùn mọ́.

"Ẹ dúró o!" Gẹdú ló ké e. "Ìyá mi! Dúró! Dúró!"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó rí Dádì Gẹdú lórí kẹ̀kẹ́, ohun tí kò rí rí láyé rẹ̀! Inú rẹ̀ dùn. Ó ju ọwọ́ sókè, ó juwọ́ sí i, ó rò pé ó ń pè é níjà ni, ta ló máa kọ́kọ́ dórí afárá. Ó dorí kodò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára wa kẹ̀kẹ́.

Gẹdú rí i pé ó ń sáré. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ti kẹ̀kẹ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kò fọwọ́ kan bíréèkì. Òkúta ń fò lábẹ́ táyà rẹ̀, ó ń bá Ìyá Ṣéènì lójú. Ó já sórí pákó, afárá náà dún bí ààrá. Ó dé àárín rẹ̀ kí ọmọ náà tó dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti gbá wáyà náà mú.

Wáyà náà ò já. Ó la àtẹ́lẹwọ́ náà kọjá, ìka méjì fò sómi, ó sì bá a lọ́rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ń dá lọ. Gẹdú fẹ̀yìn lélẹ̀ gbì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ta dé irin afárá.

Ẹlẹ́wù òfeefèé náà fún bíréèkì méjèèjì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, ó dábùú, ó wọ́ ọ lórí pákó títí ó fi dúró. Wáyà ń gbọ̀n lókè orí rẹ̀, kò ju apá kan lọ sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn kọlu ara wọn, wọ́n ṣubú lé ara wọn, eékún bó, ìgbọ̀nwọ́ bó, èyí tó kéré jù ń sunkún pé eyín òun ti yọ. Kò sí ẹni tó kú nínú wọn.

Tíṣà ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kí Ìyá Ṣéènì tó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó tó sáré débẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti rá gba abẹ́ wáyà, ó ti bọ́ ẹ̀wù òfeefèé, ó ku ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó ti ká èyí tó bọ́ mọ́ ọwọ́, ó sì ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn Gẹdú. Ìyá rẹ̀ gbá orí rẹ̀ mú, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀ wò. Kò síbi tó ya. Ó jókòó lórí pákó náà, ẹkún sì bú jáde lójú rẹ̀ láìní ohùn.

"Dádì Gẹdú, ẹ má sùn o! Ẹ wojú mi!" Ọmọ náà tún fi agbára tẹ̀ ẹ́ sí i. "Mọ́mì, ká ní wọn ò kọ́kọ́ débẹ̀ ni, èmi ni ì bá gé! Wọ́n gba ẹ̀mí mi là! Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé wáyà wà níbẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. Ó mọ̀ pé tí òun bá dáhùn ún báyìí, àfàìmọ̀ kí ọwọ́ yẹn má kúrò níbi tó wà.

"Ṣáà máa tẹ̀ ẹ́," ló fi ohùn háháhá sọ. "Má sọ̀rọ̀."

Gẹdú ló sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ò kúrò lójú ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ ń ru lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Ìyá mi, èmi ni mo so ó. Ti Tíṣà náà, èmi ni."

Ọmọ náà wò ó, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò sẹ́ ẹ. Ọwọ́ méjèèjì bá kúrò lọ́rùn Gẹdú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ọmọ náà dìde, ó fẹ̀yìn rìn títí tó fi kan irin, ó di irin náà mú, ó sì bì sínú omi.

Ìyá Ṣéènì bẹ́ lu ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ tó dára àti ọwọ́ tó wú, ó fi méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó gbé orúnkún lé èjìká rẹ̀ kó má baà mira. Ojú rẹ̀ kan tirẹ̀.

"O ò ní kú," ló ń sọ. "Ṣé o gbọ́ mi, ìwọ ẹran igbó yìí? O ò ní kú, kí wọ́n wá máa sọ ọ́ káàkiri pé o fi ẹ̀mí ẹ gba ọmọ là. Mi ò gbà! Wàá yè. Wàá dúró níwájú Tíṣà àti ìyàwó ẹ̀, wàá tún un sọ bó o ṣe sọ ọ́ yìí. Lajú ẹ! Lajú ẹ, mo ní!"

Bàbá Géètì dé lórí kẹ̀kẹ́. Ó rí ẹ̀jẹ̀, ó rí wáyà, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní àwọn oníṣègùn ti dé ẹnu géètì, àmọ́ ọkọ̀ wọn ò lè gba àárín òpó kọnkéré, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé bẹ́ẹ̀dì ìgbáláìsàn bọ̀. Kìlómítà márùn-ún lórí òkúta. Ó kó àwọn ọmọ tó kù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n kọjú sígbó, kí wọ́n má wò.

Ìyá Ṣéènì ń tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́. Ọwọ́ tó wú náà ti kú tán, ọ̀kan tó kù ń yọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá yọ̀, ẹ̀jẹ̀ á tún tú, á ṣépè fún Gẹdú, á tún tẹ̀ ẹ́ padà. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ ó ń mí. Obìnrin náà mọ̀ pé agbára òun ò ní tó o títí wọ́n fi máa dé.

Ẹnì kan kúnlẹ̀ ní òdìkejì. Ọmọ rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ṣì tutù, ojú rẹ̀ ti wú. Kò wo ẹni tó wà nílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Torí yín ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ o, Mọ́mì," ló wí. "Mi ò ṣe é torí tiwọn."

Ìyá rẹ̀ ní òun gbọ́. Àwọn méjèèjì jọ ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbọ́ ohùn àwọn oníṣègùn lókè, tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ Bàbá Géètì bóyá ẹni náà ṣì ń mí.